Àwòrán oníṣirò: kí ló dé tí àpò kòkó kò gbọdọ̀ wú?

Ká ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fẹ́ gbé pátákó síta ní Lágere, pé ìlọ́po méjì kòkó èṣí làwọn tà lọ́dún yìí. Ayàwòrán ya àpò kékeré kan fún èṣí, ó wá ya òmíràn tó ga jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Ó jọ pé kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí àpò bá ga ní ìlọ́po méjì, tó sì fẹ̀ bẹ́ẹ̀, àyè tó gbà lórí pátákó ti di ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn. Ẹni tó ń sáré kọjá lórí ọ̀kadà á ti rò pé wọ́n ti di olówó.

Nínú àwòrán oníṣirò, àmì kan dúró fún iye kan pàtó, kì í sì í tóbi sí i. Bí àmì kan bá jẹ́ 100 àpò, tí èṣí jẹ́ 300, ẹ ya mẹ́ta. Bí tọdún yìí bá jẹ́ 600, ẹ ya mẹ́fà tó dọ́gba, kí ẹ tò wọ́n. Ẹni tí kò mọ̀wé náà á kà á.

Otto Neurath ló gbé e kalẹ̀ ní Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria. Ní 1925, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ìjọba ìlú náà, ó dá ilé àfihàn kan sílẹ̀ káwọn òṣìṣẹ́ lè máa wo bí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ìlera àti iṣẹ́ ṣe rí. Gerd Arntz ló ń ya àmì. Marie Reidemeister, tó di ìyàwó Neurath ní 1941, ló ń sọ ìwé tó kún fún nọ́ńbà di ohun tó ṣeé yà. Lójú tèmi, iṣẹ́ tirẹ̀ ló le jù. Ní 1935 ni wọ́n sọ ètò náà ní Isotype.

Ó wu ìjọba Soviet náà. Ní 1931 wọ́n dá Izostat, ilé-iṣẹ́ tó ń ya irú àwòrán yìí, sílẹ̀ ní Moscow láti máa fi polówó iṣẹ́ ìjọba. Níbẹ̀, wọ́n máa ń to iye tí wọ́n ṣèlérí mọ́ iye tí wọ́n ti ṣe. Àpò kò wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òmíràn nínú wọn ṣì wà lórí igi.

Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Neurath kú ní 1945, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1950 sí 1960, Marie bá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́, nígbà tí Ifẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣe ìwé pẹlẹbẹ aláwòrán lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, lórí ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀, ìdìbò àti owó orí. Ti owó orí yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ń fi han ẹni tó sanwó ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe.