Bí wọ́n ṣe kọ́ láti wọn iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ láìrẹ́ni jẹ

Tí èsì WAEC bá ti jáde ní Èkìtì, kíá la ti máa ń sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ báyìí ló mókè, lágbájá ló gbẹ̀yìn. Olùkọ́ mélòó ló wà níbẹ̀? Irú ilé wo làwọn ọmọ náà ti wá? Ẹni tó ń bèèrè kò pọ̀. Ẹ̀ka ìwádìí kan wà tó jẹ́ pé orí irú ìbéèrè yìí ló dúró lé: ó ń wọn bí ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń lo ohun tó ní dáadáa tó.

Láyé àtijọ́, wọ́n kàn máa ń fi iye òṣìṣẹ́ pín ohun tó jáde ni. Ní 1957, M. J. Farrell, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìyẹn ò tó. Ó ka ilẹ̀, òṣìṣẹ́, ohun èlò àti owó pọ̀, ó sì fi yẹ iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ 48 wò ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ṣe dáadáa jù láàárín wọn ló fi ṣe òdiwọ̀n fún àwọn yòókù.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tálákà ló wá sọ ọ́ di ńlá. Edwardo Rhodes ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ní Carnegie Mellon lórí ètò ìjọba Amẹ́ríkà kan fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ka iye olùkọ́, ìwé tí ìyá ọmọ kà, iṣẹ́ tí ìdílé ń ṣe, àti bí òbí ṣe ń yọjú sílé-ẹ̀kọ́ tó. Ohun tó ń wá nìyí: ìwé kíkà, ìṣirò, àti bí ọmọ ṣe ka ara rẹ̀ sí. Ta ló lè dá owó lé èyí tó kẹ́yìn yẹn? Òun àti onímọ̀ méjì, Charnes àti Cooper, wá gbé ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní DEA (Data Envelopment Analysis) jáde ní 1978. Wọ́n fi òṣùwọ̀n tó gbe ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan jù wọ̀n ọ́n. Tí òmíràn bá ṣì borí rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n yẹn, kò sí àwáwí mọ́. Lójú tèmi, ibi tó dára jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn.

Ní 1977, àwọn mìíràn ti gbé ọ̀nà mìíràn jáde, tó ń ya àìmọṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àìrójò àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó kọjá agbára ẹni. Òun làwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé oko ní Nàìjíríà ń lò jù fún àgbẹ̀ kòkó àti ẹ̀gẹ́. Wọ́n ń fi irú àwọn ọ̀nà yìí wọn báǹkì àti ilé ìwòsàn náà. Nígbà tó fi di 2016, àpilẹ̀kọ lórí DEA nìkan ti lé ní 10,000.

Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní Èkìtì. Báyìí ló yẹ ká máa wọn ilé-ẹ̀kọ́ inú wọn.