Ogun Kan, Ìjòyè Méjì: Ibi Tí Kádígànì Ọmọdé Ti Ṣẹ̀ Wá

Kí kádígànì tó di orúkọ aṣọ, oyè ni. Ìlú kékeré kan ń jẹ́ Cardigan ní Wales, lẹ́bàá odò Teifi. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ oyè Earl kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni keje tó sì jẹ oyè náà nínú ìdílé rẹ̀ ni James Brudenell. Òun ló ṣáájú àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin wọ ẹnu àgbá àwọn ará Rọ́ṣíà ní Balaclava, lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1854, nígbà ogun Crimea. Aṣọ òtútù oníwúùlù tó là níwájú, tó ní bọ́tìnnì, ni wọ́n fi orúkọ oyè rẹ̀ pè. Àwọn kan ní iná ìdáná ló jó ìdí kóòtù rẹ̀ tó fi di kúkúrú, ṣùgbọ́n ìtàn ẹnu lásán nìyẹn.

Ọ̀gá rẹ̀ lójú ogun náà, Lord Raglan, ni wọ́n so apá aṣọ mọ́. Ojú ogun Waterloo ló ti pàdánù apá ọ̀tún rẹ̀ lọ́dún 1815. Wọ́n ní bí wọ́n ti gé e tán tí wọ́n ń gbé e lọ sọnù, ó ké sí wọn pé kí wọ́n gbé e padà wá, òrùka tí ìyàwó òun fún òun ṣì wà níka rẹ̀. Apá kóòtù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kì í dúró ní èjìká. Ó gun òkè dé ọrùn, ojú rírán rẹ̀ sì dábùú láti abíyá títí dé ibẹ̀, ó fẹ̀ lábíyá, kò sì há. Ẹ wo bó ṣe bá ọmọdé mu: ọmọ ọdún kan kì í na apá fúnni, àfi ká ki ọwọ́ bọ ẹnu apá aṣọ ká lọ fa ọwọ́ rẹ̀ jáde. Orí rẹ̀ sì tóbi ju bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ, ìdí nìyí tó fi ń ké bí a bá ń fa súwẹ́tà gba orí rẹ̀ kọjá. Aṣọ tó là níwájú kò ní wàhálà yẹn.

Iṣẹ́ híhun alábẹ́rẹ́ tí a fi ń ṣe kádígànì ti wà tipẹ́ kí ogun yẹn tó jà. Lára àwọn tó lọ́jọ́ lórí jù nínú èyí tí wọ́n rí ni ìbọ̀sẹ̀ olówùú aláró àti funfun láti Íjíbítì. Ọ̀rọ̀ kan náà, híhun, la fi ń pe iṣẹ́ yìí àti ti aṣọ òfì, bẹ́ẹ̀ wọn ò jọra: òfì ń fẹ́ òwú tí a ta gbọọrọ àti òmíràn tí a ń sọ gba àárín rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n níhìn-ín òwú kan ṣoṣo ni, ojú kan, ìyẹn ìkọ́ òwú kan, ń gba inú ojú kejì yọ. Bí ojú kan bá já bọ́, gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yóò máa tú tẹ̀ lé e.

Láyé àtijọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń hun kádígànì: ẹ̀yìn kan, iwájú méjì, apá méjì, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Ibi rírán yẹn ló ń lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sá, torí orí apá kì í fẹ́ bá ihò èjìká dọ́gba. Nígbà tí abẹ́rẹ́ méjì tí wáyà so pọ̀ wọ́pọ̀, tí àwọn èèyàn ń hun apá Raglan láti ọrùn wá sísàlẹ̀, rírán fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. A sì lè fi wọ ọmọ wò kó tó parí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọmọ ọdún kan sí méjì. Bíi 150 gíráàmù òwú, irú èyí tí kò nípọn jù tí kò sì tín jù, tí wọ́n kọ DK sí lára, àti abẹ́rẹ́ mìlímítà 4. Ojú 22 gbọ́dọ̀ gba sẹ̀ǹtímítà 10. Ojú 64 la ó kó sórí abẹ́rẹ́ fún ọrùn: 12 fún iwájú, 8 fún apá, 24 fún ẹ̀yìn, 8 fún apá kejì, 12 fún iwájú kejì, ká fi àmì sí ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítì (fífa ojú tuntun yọ síwájú) la ó hun lójú rere, ìyẹn ojú aṣọ tó ń hàn síta, pọ́ọ̀lù (fífa á yọ sẹ́yìn) lẹ́yìn, àfi ojú 5 àkọ́kọ́ àti 5 ìkẹyìn tí kì í rí pọ́ọ̀lù rárá, kí etí aṣọ má baà ká. Ní gbogbo ìlà ojú rere, a ó fi ojú kan kún ṣáájú àmì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Òwú tó dábùú láàárín ojú méjì la ń gbé fún èyí, a ó sì hun ún láti ẹ̀yìn kó lè lọ́. Bí kò bá lọ́, ihò ni yóò dá síbẹ̀.

Kíka ni ẹ̀kọ́ gidi níbí. Ojú 8 ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan: 72, 80, 88. Bí ẹ bá ka 79, ẹ ti gbàgbé ọ̀kan lẹ́bàá àmì kan, ẹ wá a kí ẹ tó hun ìlà mìíràn. Bí a bá fi kún un lẹ́ẹ̀mejìdínlógún, ó di 208, ó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 13. Ojú 44 apá kọ̀ọ̀kan yóò lọ dúró lórí òwú mìíràn di ìgbà tí a ó hun apá, a ó kó ojú tuntun 4 sí abíyá kọ̀ọ̀kan, ara aṣọ yóò sì jẹ́ ojú 128, sẹ̀ǹtímítà 58. Ẹni tí ojú 20 gba sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́wọ́ rẹ̀ yóò bá a ní sẹ̀ǹtímítà 64. Ìyàtọ̀ ojú méjì péré, aṣọ ti di ti ọmọ mìíràn.

Nílẹ̀ wa, kádígànì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun ni ọ̀pọ̀ mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ọyẹ́ ló sì ń mú un jáde. Wúùlù gbóná jù fún Èkó, omi gbígbóná sì ń sún un kì. Òwú acrylic rọrùn láti fọ̀, àmọ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná ń yọ́ ọ pẹlẹbẹ. Kí bọ́tìnnì di mọ́ aṣọ pinpin, torí ẹnu ni ọmọ yóò kọ́kọ́ gbé e sí.

Bí ọmọ bá dàgbà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ tú etí apá, ẹ kó ojú rẹ̀ padà sórí abẹ́rẹ́, kí ẹ hun sẹ̀ǹtímítà 3 sí i.