Sísan owó ìrànwọ́ ìjọba lórí ẹ̀rọ

Sísan owó ìrànwọ́ lórí ẹ̀rọ ni ọ̀nà tí ìjọba ń gbà fi owó ìfẹ̀yìntì, owó oúnjẹ, owó àwọn aláìníṣẹ́ àti irú wọn ránṣẹ́ sí àwọn tó tọ́ sí, láìka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àti láìkọ sọ̀wédowó. Owó náà lè wọ àkáǹtì báǹkì, ó lè wà lórí káàdì, ó sì lè wọ orí fóònù.

Kí ẹ̀rọ tó dé, ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni owó náà ń gbà kọjá, ibẹ̀ ló sì ti máa ń dín kù. Wọ́n lè jí sọ̀wédowó nínú àpótí lẹ́tà, ẹni tó ń pín owó lè bu tirẹ̀ níbẹ̀, ẹlòmíì sì lè máa gbowó lórúkọ ẹni tó ti kú. Ẹ̀rọ dín ọ̀nà wọ̀nyí kù. Síbẹ̀, ìjọba ṣì ní láti mọ ẹni tó tọ́ sí owó, kó dá a mọ̀ nígbà tó bá wá gbà á, kó sì mọ ibi tí owó yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, owó á ṣìnà.

Káàdì oúnjẹ ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ìwé pélébé bíi tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ ìrànwọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń já a níwájú ẹni tó ń gbowó, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń mọ̀ pé ìjọba ló ń ràn án lọ́wọ́. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ dán káàdì wò nílùú Reading, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Nígbà tó di 1993, Maryland di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó lò ó káàkiri. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996 pàṣẹ pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ bọ́ sórí káàdì tó bá fi máa di oṣù kẹwàá 2002, ṣùgbọ́n ó di 2004 kí gbogbo wọn tó débẹ̀. Láti oṣù kẹfà 2009, ilé ìtajà kò gba tíkẹ́ẹ̀tì náà mọ́.

EBT ni wọ́n ń pe káàdì yìí. Oníbàárà á fà á nínú ẹ̀rọ POS, á tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, rísíìtì á sì fi iye tó kù hàn án. Owó oúnjẹ orí rẹ̀ kò ṣeé fi ra ọtí, sìgá tàbí ọṣẹ. Lójú ẹni tó ń wò, kò yàtọ̀ sí káàdì báǹkì, ìyẹn sì ni àǹfààní tó tóbi jù nínú rẹ̀, torí ó bo ẹni tó ń lò ó láṣìírí.

Àléébù rẹ̀ wà lára káàdì náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn táwọn báǹkì ti fi ṣíìpù, ẹ̀rọ tíńtín tó ṣòro láti ṣe àdàkọ, sórí káàdì tiwọn, ìlà dúdú ẹ̀yìn káàdì nìkan ni EBT ṣì gbára lé. Àwọn olè máa ń lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ POS láti ṣe àdàkọ káàdì àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, wọ́n á sì náwó náà tán kété tó bá ti wọlé, kí ìyá ọlọ́mọ tó dé ilé ìtajà. Ní ìparí 2022, ilé aṣòfin gbà kí wọ́n fi owó ìjọba àpapọ̀ dá owó tí wọ́n jí padà. Àǹfààní náà dópin ní oṣù Kejìlá 2024. California bẹ̀rẹ̀ sí í pín káàdì oníṣíìpù lọ́dún 2025.

Ẹ̀rọ tún lè dákẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2013, káàdì EBT kò ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní ìpínlẹ̀ 17, lẹ́yìn tí iná lọ nígbà tí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o ń dán ẹ̀rọ àfirọ́pò rẹ̀ wò. Àwọn oníbàárà kan fi ọjà tí wọ́n ti kó jọ sílẹ̀, wọ́n sì lọ sílé.

Íńdíà àti Tógò

Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìrànwọ́ tààrà sínú àkáǹtì ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 2013. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ Aadhaar, tó ní ẹyọ 12, ni wọ́n so mọ́ ọn, ètò Jan Dhan sì ṣí àkáǹtì fún àwọn tí kò ní láti 2014. Ní abúlé, ìka ni wọ́n máa ń tẹ̀ lọ́dọ̀ aṣojú báǹkì kí wọ́n tó rí owó gbà. Ibẹ̀ ló ti ń nira fún àgbẹ̀ àti lébìrà tí iṣẹ́ ti pa ìlà ìka wọn rẹ́, àti fún arúgbó: ẹ̀rọ kì í dá wọn mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni owó wà nínú àkáǹtì.

Tógò gba ọ̀nà míì nígbà àrùn Kòrónà. Ní oṣù kẹrin 2020, ìjọba gbé ètò Novissi kalẹ̀. Èèyàn á tẹ *855# lórí fóònù lásán, á fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, owó á sì wọ orí fóònù náà. Kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní agbègbè Lomé, fáráǹkì CFA 12,250 ni obìnrin ń gbà lóṣù, ọkùnrin sì ń gba 10,500.

Àwọn tí kò lè lo ẹ̀rọ

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fẹ́ fòpin sí sọ̀wédowó owó ìfẹ̀yìntì ní oṣù kẹta 2013, ó yọ àwọn arúgbó tí wọ́n bí ṣáájú oṣù karùn-ún 1921 sílẹ̀. Àwọn tí àìlera ọpọlọ tàbí ibi jíjìnnà tí wọ́n ń gbé kò jẹ́ kí wọ́n lè lo ẹ̀rọ sì láǹfààní láti tọrọ àyè, kí wọ́n lè máa gba sọ̀wédowó wọn lọ.