Kí Wọ́n Tó Fọ́mátì Kọ̀ǹpútà Yín

Ní Adó-Èkìtì, bí Word bá ń pa ara rẹ̀ dé mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì lójú, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù ni pé "a máa fọ́mátì ẹ̀." Fọ́mátì, ìyẹn pípa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ náà rẹ́ kí wọ́n sì tún Windows fi sórí rẹ̀, lè tán wàhálà náà lóòótọ́. Àmọ́ gbogbo ẹ̀rí ló ń pa rẹ́, bó bá sì jẹ́ pé RAM (mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ náà) ló bàjẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹjọ́ náà á tún fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ètò kan (bíi Word) bá kú, Windows sábà máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ eventvwr.msc, kí ẹ ṣí Windows Logs, lẹ́yìn náà Application. Ẹ wá Error tó ní nọ́ńbà 1000. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìlà méjì ló ṣe kókó. Faulting module name ni orúkọ fáìlì tí ètò náà kú sí lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí ti add-in kan (ètò kékeré tí wọ́n so mọ́ Word), afurasí ti jáde nìyẹn. Bó bá jẹ́ ntdll.dll, ẹ má tètè dá a lẹ́bi: Windows ló ni ín, ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì ló sì máa ń wà lọ́rùn rẹ̀. Exception code ni ìkejì. 0xc0000005 ń sọ pé ètò náà fẹ́ wọ ibi tí kò ní àṣẹ láti wọ̀ nínú mẹ́mọ́rì.

Iná ńkọ́? Bí wọ́n bá mú iná lọ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní UPS (bátìrì tó máa ń gbé e dúró bí iná bá lọ), abẹ́ System nínú Windows Logs kan náà ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ máa wà nígbà tí ẹ bá tún tàn án: Kernel-Power, nọ́ńbà 41. Kò sọ ìdí, ó kàn ń sọ pé ẹ̀rọ náà kú láìdágbére. Ẹ ṣí Details, kí ẹ wo BugcheckCode. Bó bá jẹ́ 0, iná tàbí ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí nọ́ńbà mìíràn bá wà níbẹ̀, ojú búlúù ló ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni pé Windows fúnra rẹ̀ ló kú. 159, fún àpẹẹrẹ, ni wọ́n tún máa ń kọ ní 0x9F, ó sì ń tọ́ka sí dirafa (ètò tó ń darí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ). Ẹ wo fódà C:\Windows\Minidump bóyá fáìlì .dmp wà níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì nígbà tí ẹ̀rọ náà kú.

Ẹni tí gbogbo èyí bá sú lè tẹ Windows àti R, kó kọ perfmon /rel. Kàlẹ́ńdà kan á jáde, àmì X pupa á wà lọ́jọ́ tí nǹkan kú, ẹ ó sì rí ohun tí wọ́n fi sórí ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lójú tèmi, òun ló wúlò jù.

Bí ẹ bá ń lọ bá ẹnjiníà, ẹ ya fọ́tò àṣìṣe náà, ẹ kọ aago àti ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, kí ẹ sì ṣí msinfo32 (ó ń to ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà) bákan náà, kí ẹ fi ṣe Export sínú fáìlì. Ní ti .dmp, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò mọ̀: ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì ló kó, ó sì lè kó lẹ́tà tàbí páásíwọọ̀dù yín mọ́ ọn.