Bí ìwọ̀n ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú físíìsì kúáńtọ́ọ̀mù

Tí káfíńtà bá fi rúlà wọn pákó, gígùn pákó ti wà nílẹ̀ kí rúlà tó dé ibẹ̀. Tí átọ́ọ̀mù, irú ohun tíńtín tí físíìsì kúáńtọ́ọ̀mù ń sọ nípa rẹ̀, bá dé iwájú ẹ̀rọ ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án kó tó rí ohunkóhun kà, ibi tí ẹ̀rọ sì gbà fọwọ́ kàn án wà lára ohun tó ń pinnu èsì. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ físíìsì Otto Stern àti Walther Gerlach ṣe ní Frankfurt, lórílẹ̀-èdè Jámánì, lọ́dún 1922 fi èyí hàn kedere.

Wọ́n fi fàdákà sínú ìléru kékeré kan tó gbóná tó nǹkan bí 1,000°C, títí átọ́ọ̀mù rẹ̀ fi ń tú jáde bí oru ṣe ń jáde lẹ́nu ìkòkò omi gbígbóná. Àwọn átọ́ọ̀mù náà gba ojú ihò tóóró kọjá, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.03 mm lọ, kí wọ́n lè tò lọ ní ìlà kan ṣoṣo. Wọ́n kọjá láàárín òòfà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 3.5 cm, wọ́n sì lọ lẹ̀ mọ́ awo dígí. Gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, nítorí átọ́ọ̀mù tó bá kọlu afẹ́fẹ́ lọ́nà ti yà bàrá nìyẹn.

Fàdákà bá iṣẹ́ yìí mu. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 47 ló wà nínú átọ́ọ̀mù rẹ̀; agbára òòfà 46 pa ara wọn rẹ́, ó wá ku ti ẹyọ kan, èyí tó ń wá láti ara ohun tí à ń pè ní spin, ìwà àbínibí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó sọ ọ́ di òòfà kékeré. Tó bá jẹ́ pé òòfà kékeré yìí lè kọjú síbi tó wù ú, ńṣe ló yẹ kí fàdákà tàn káàkiri awo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú méjì péré ni wọ́n bá, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, àlàfo àárín wọn kò sì ju nǹkan bí 0.2 mm lọ.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti lè bàjẹ́ pọ̀. Tí ihò tóóró náà bá fi 0.01 mm péré yẹ̀ kúrò ní ìlà, làálàá ọjọ́ náà ti já sófo. Òòfà tí agbára rẹ̀ dọ́gba níbi gbogbo kò sì wúlò: bó ṣe ń fa orí òòfà kékeré náà sókè ló ṣe ń fa ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀, átọ́ọ̀mù á lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ ojú kan òòfà ṣónṣó bí ẹnu ọ̀bẹ, tí wọ́n sì la kòtò gbọọrọ sí ojú kejì, kí agbára rẹ̀ má bàa dọ́gba.

Ohun tí òòfà ṣe ni pé ó fi ibi tí átọ́ọ̀mù balẹ̀ ṣe àmì spin rẹ̀. Ìwọ̀n gan-an nìyẹn: ohun tí kò ṣeé rí so mọ́ ohun tó ṣeé rí.

Ká wá to irú òòfà bẹ́ẹ̀ tẹ̀ léra. Èyí àkọ́kọ́ ya òkè kúrò lára ìsàlẹ̀, a sì dí ọ̀nà ìsàlẹ̀ pa. Tí òòfà kejì bá dúró bíi ti àkọ́kọ́, gbogbo átọ́ọ̀mù tó kù á tún lọ sókè. Tí a bá yí i sí ẹ̀gbẹ́ ní 90°, ìdajì á lọ sọ́tùn-ún, ìdajì á lọ sósì. Kí a wá mú àwọn ti ọ̀tún nìkan, kí a fi òòfà kẹta tó dúró bíi ti àkọ́kọ́ wọ̀n wọ́n: ìdajì á lọ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkè ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀! Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òòfà kejì kàn gbọn átọ́ọ̀mù jìgìjìgì ni, pé òòfà tó dára jù ú lọ kò ní bà á jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ipò kankan tí átọ́ọ̀mù lè wà tí èsì òkè tàbí ìsàlẹ̀ àti èsì ọ̀tún tàbí òsì á fi dájú pọ̀.

Awo pólárọ́ìdì, irú èyí tó wà nínú àwọn gíláàsì ojú tó ń dín ìtànṣán oòrùn kù, ń fi ohun kan náà hàn. Tí a bá dábùú awo kejì lé àkọ́kọ́ ní 90°, ìmọ́lẹ̀ ò ní kọjá. Tí a bá ki awo kẹta bọ àárín wọn ní 45°, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó la awo àkọ́kọ́ kọjá á tún yọ jáde.

Òfin tí onímọ̀ físíìsì Max Born gbé kalẹ̀ lọ́dún 1926 ló ń sọ iye tó máa lọ síbì kọ̀ọ̀kan. Ká ní 60° la yí òòfà kejì, 75 nínú 100 àwọn tó lọ sókè tẹ́lẹ̀ á lọ sí ibi tó jẹ́ òkè fún òòfà kejì. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ ibi tí átọ́ọ̀mù kan pàtó máa gbà, torí náà ẹyọ kan ṣoṣo kò lè dán an wò. Tí a bá wọn 100 tó yẹ kó pín sí méjì ọgbọọgba, kí èsì fi 5 lé tàbí kó fi 5 dín kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ 10,000, nǹkan bí 50 ni ìyàtọ̀ náà, ìyẹn 0.5 nínú 100.

Ọ̀rọ̀ náà "wíwò", tí wọ́n máa ń lò fún irú ìwọ̀n yìí, ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, bíi pé ojú èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Ní Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ fi léésà mú mólékù C70, ìyẹn átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 70 tó so pọ̀, gbóná kó tó wọ inú ẹ̀rọ tó ń fi ìwà ìgbì rẹ̀ hàn, ìyẹn bó ṣe ń hùwà bí ìgbì omi, tí ìròyìn ọ̀nà tó gbà kò bá jáde síta. Nígbà tí kò gbóná púpọ̀, àmì ìgbì hàn kedere. Bó ṣe ń gbóná sí i, mólékù náà fúnra rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde lójú ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ yẹn sì ń gbé ìròyìn ibi tí mólékù wà jáde. Àmì ìgbì ń ṣá díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parẹ́. Kò sẹ́ni tó gba ìmọ́lẹ̀ náà sílẹ̀. Ara ògiri ẹ̀rọ ló lọ parí sí.