Ìdí tí camellia fi máa ń já òdòdó ẹ̀ dànù kó tó là

Ẹni tó bá ń gbé London àbí apá gúúsù England á ti rí camellia rí, kódà tí ò bá mọ orúkọ ẹ̀: igi kúkúrú tí ewé ẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á, kì í wọ́wé nígbà òtútù, tó bá wá di Fẹ́búárì sí Épíírì á tú òdòdó pupa, píǹkì àbí funfun síta nígbà tí ọ̀pọ̀ igi àdúgbò ṣì wà níhòòhò. Mọ̀lẹ́bí igi tíì ni o, Camellia sinensis ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ohun tó máa ń dun àwọn tó gbìn ín ni pé ìrudí òdòdó á kún ẹ̀ka bámúbámú, tó bá wá ku díẹ̀ kó là, á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òtútù ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Òtútù lè fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ Ọ́gọ́ọ̀sì ló ti bà jẹ́. Òdòdó tó máa là ní Máàṣì, láti bí ìparí Júláì sí Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún tó ṣáájú ni igi ti ń ṣe é sílẹ̀, àsìkò yẹn gan-an loòrùn ń mú, òjò lè má rọ̀, onílé ti lọ hólídè, kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín, gbòǹgbò ẹ̀ ò sì wọlẹ̀ jìnnà, kíá lomi á ti tán níbẹ̀. Ewé ẹ̀ lè má rọ rárá, kò sẹ́ni tó máa fura, àfi ìgbà tí ìrudí bá ń já. Ti inú ìkòkò ló máa ń burú jù.

Omi òjò ló fẹ́ràn jù. Omi ẹ̀rọ London le, nǹkan funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù yẹn náà ló ń kó jọ sídìí igi díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tó ní ásíìdì díẹ̀ ni camellia ń fẹ́, pH (òǹkà tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì, bó bá ṣe kéré ni ásíìdì ṣe pọ̀) bíi 5.5 sí 6.5. Tó bá ti kọjá 7, èròjà tí wọ́n ń pè ní iron lè wà nínú ilẹ̀ kí gbòǹgbò má rí i mu, ewé á wá di yẹ́lò, iṣan ẹ̀ nìkan á ṣẹ́kù ní gríìnì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rà á ní kọ́ḿpọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ ericaceous sí lára àpò ẹ̀, ìyẹn èyí tó wà fún igi tó ń fẹ́ ilẹ̀ ásíìdì. Ṣùgbọ́n tómi òjò bá tán nínú dúrọ́ọ̀mù, kí wọ́n bu omi ẹ̀rọ sí i jàre, ó sàn ju kí ìdí ẹ̀ gbẹ lọ.

Ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń ta sí i ò dáa: òdòdó tó dì lóru tí oòrùn wá yọ́ ẹ̀ lójijì á di bíráùn. Gígé ńkọ́? Gbàrà tó bá ti tanná tán ni, ẹni tó bá gé e ní Òkítóbà, òdòdó ló ń gé sọnù.

Ẹni tí ò bá sì láyè máa já òdòdó tó ti kú kúrò lórí igi, oríṣi tí wọ́n ń pè ní williamsii ni kó rà, èyí tí J. C. Williams bẹ̀rẹ̀ ní Caerhays ní Cornwall. Ìyẹn máa ń já tiẹ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, japonica, oríṣi camellia míì, ní tiẹ̀ lè gbé òkú òdòdó kọ́rùn títí tí wọ́n á fi wá fọwọ́ já a.