Ìbéèrè ìjíhìn ló ń jẹ́, kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Inú mọ́tò ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń gbọ́ ìròyìn Yorùbá lórí rédíò, lẹni tó ń ka ìròyìn bá ní aṣòfin kan nílẹ̀ Scotland "fọ̀rọ̀ wá mínísítà lẹ́nu wò" lórí owó ọkọ̀ ojú omi. Inú bí mi débi pé mo pa rédíò náà. Fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò báwo? Iṣẹ́ oníròyìn nìyẹn, tàbí ti ọ̀gá tó fẹ́ gbani síṣẹ́. Ẹni tá à ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lè ní òun ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí, kó dìde, kó gba ilé ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Mínísítà tí aṣòfin da ìbéèrè bo nínú ilé ò láǹfààní yẹn rárá, ó gbọ́dọ̀ dìde kó dáhùn, wọ́n á sì kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu ẹ̀ jáde sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn á wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tó máa kúrò nípò.

Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́, mi ò sì ní yéé sọ ọ́, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní parliamentary question, ìbéèrè ìjíhìn ló ń jẹ́. Ẹ tú ọ̀rọ̀ yẹn wò. Jẹ́ ìhìn, jíhìn. Ẹni tá a rán níṣẹ́ ló ń padà wá jẹ́ ìhìn fẹ́ni tó rán an. Kò sẹ́ni tó ń jíhìn fẹ́ni tí kò rán an níṣẹ́, ọmọdé tó bá lọ ra iyọ̀ fún màmá ẹ̀ ò ní tọ ará ilé kejì lọ máa ṣàlàyé ṣéńjì. Bọ́rọ̀ ṣe rí láàárín aṣòfin àti mínísítà gan-an nìyẹn: àwọn aṣòfin ló dìbò sí bọ́jẹ́ẹ̀tì, mínísítà ló gba owó lọ ná, nígbà tó bá yá àwọn tó buwọ́ lu owó yẹn á ní kó dìde kó wá wí. Ẹni tó rán ni, ẹni tí wọ́n rán, owó tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú jíhìn láìjẹ́ pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la nǹkan kan yé ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ wo lẹ tún ń wá?

Ẹ̀gbọ́n kan wà lórí gúrúùpù wa, àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ògbufọ̀, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ni, wọ́n ní "ìbéèrè ilé aṣòfin" ló tọ́, pé ó kúrú, pé ó yé gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ibi tí wọ́n ti ń bèèrè nìyẹn sọ, kò sọ ohun tí wọ́n ń ṣe. A kì í pe ẹ̀fọ́ rírò ní ohun inú ìkòkò. Ẹni tó bá dìde nínú ilé yẹn tó bèèrè pé ìgbà wo la máa lọ simi, òun náà ti bi ìbéèrè ilé aṣòfin nìyẹn, ṣé bákan náà ni pẹ̀lú ẹni tó bèèrè pé bílíọ̀nù tí a yà sọ́tọ̀ fún ọsibítù dà?

Àbúrò kan náà fi "ìfimúfínlẹ̀" ránṣẹ́. Fimú fínlẹ̀, Yorùbá gidi ni, mi ò bá a jà, àmọ́ iṣẹ́ EFCC nìyẹn, iṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ ẹni tó ń wá ohun tí wọ́n gbé pamọ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ níkọ̀kọ̀. Ìbéèrè ìjíhìn ò ní ìkọ̀kọ̀ kankan nínú, ojúkojú ni, gbangba ni, mínísítà mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, nígbà míì ó ti ka ìbéèrè yẹn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. "Ìwádìí" náà ò ṣe é lò, ti ìgbìmọ̀ nìyẹn, tí wọ́n máa ń pe ẹlẹ́rìí sí, tó máa ń gba oṣù mélòó kan.

Àwọn tó bí mi nínú jù ni àwọn tó ń kọ "kúẹ́ṣọ̀n pálíámẹ́ńtì". Ìyẹn ò túmọ̀ nǹkan kan, àmì ohùn lásán ni wọ́n gbé lé Gẹ̀ẹ́sì lórí. Kì í ṣe pé mo kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò o. Mínísítà, mo gbà á, bọ́jẹ́ẹ̀tì, mo gbà á, kọmíṣánnà náà, mo gbà á, aráàlú ti fẹnu ara wọn gbà wọ́n. Ẹnì kan ti gbìyànjú rí láti pe mínísítà ní "ìránṣẹ́ ìjọba", ó ní bí Látìn ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ẹni tó bá kà á á rò pé mẹ́sẹ́ńjà tó ń gbé fáìlì láti ọ́fíìsì kan sí ìkejì ni. Tí ọ̀rọ̀ bá máa wọlé láti ìta, kó wọlé bí pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì ṣe wọlé. Adégòkè Adélabú, tó jẹ́ olórí alátakò nílé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn n'Ìbàdàn láti 1956 títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní 1958, òun ni wọ́n ní ó fi Gẹ̀ẹ́sì pe nǹkan ní peculiar mess, àwọn ará Ìbàdàn gbọ́ ọ, wọ́n yí i lẹ́nu, ó di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, ó di tiwa, ó tiẹ̀ wá ní ìtumọ̀ tó jinlẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ lọ. Ẹnu ọjà ló dá a. Ẹ ò lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ dá irú ẹ̀ lóru ọjọ́ kan.

Ẹnì kan máa bèèrè pé ṣé jíhìn ni àbí jíyìn. Èyí tí wọ́n ń sọ nílé yín ni kẹ́ ẹ kọ, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ó yá, nǹkan náà fúnra ẹ̀. Ẹ wo ìpàdé lánlọ́ọ̀dù àdúgbò. Ilé kọ̀ọ̀kan ti dáwó tiransifọ́mà, a kó o fún akápò, oṣù mẹ́rin kọjá, òkùnkùn la ṣì wà. Bàbá kan kọ ìwé sí akọ̀wé kí ìpàdé tó pé, wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé àwọn fẹ́ kí akápò sọ iye tó ti jáde nínú owó tiransifọ́mà. Akápò gbọ́, ó múra, ó kọ ọ́ sínú pépà. Ọjọ́ pé, alága ní ó yá, akápò dìde, ó kà á pé "Ẹ̀yin àgbà, a ti san ìdajì fún kọngílá, iṣẹ́ ti ń lọ." Ó fẹ́ jókòó. Bàbá yẹn bá tún nàró, "Ẹ ṣeun o, akápò. Kọngílá yẹn, ta ni? Rìsíìtì ẹ̀ dà?" Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Akápò lè wúkọ́, ó lè wojú akọ̀wé, ó lè ní òun gbàgbé ẹ̀ sílé, àmọ́ akọ̀wé ti ń kọ mínítì, wọ́n á sì ka mínítì yẹn sókè níwájú gbogbo wa nípàdé tó ń bọ̀, ohun tó bá sọ lónìí á ti so ó mọ́lẹ̀. Akápò yẹn ni mínísítà, alága ni abẹnugan, bàbá yẹn ni aṣòfin, mínítì yẹn ni ìwé àkọsílẹ̀ ilé tí wọ́n ń pè ní Hansard. Ó parí.

Ẹ ṣàkíyèsí ìbéèrè kejì yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo tún ti ń bá àwọn èèyàn jà. Wọ́n ń pè é ní "ìbéèrè àfikún". Àfikún ni ẹ̀ní tí oníẹ̀wà bù sí i lẹ́yìn tó ti wọn tiẹ̀ tán, tí kò bá bù ú kò burú, ẹ̀wà ṣì pé. Ìbéèrè kejì yìí ò rí bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni oúnjẹ. Ti àkọ́kọ́ kàn ṣílẹ̀kùn lásán ni, mínísítà ti mọ̀ ọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ti bá a kọ ìdáhùn, ti ìkejì ni kò sẹ́ni tó bá a kọ. Ìbéèrè àtẹ̀lé ni kẹ́ ẹ máa pè é, torí ó ń tẹ̀ lé ẹni tó fẹ́ sá ni. Bóyá ẹnu ni wọ́n fi bèèrè ni o, bóyá wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ni o, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan lójú tèmi, ìjíhìn ni méjèèjì.

Ti Scotland tí rédíò ń sọ yẹn, ọ̀rọ̀ fẹ́rì ni, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò, ó sì dára kéèyàn mọ̀ ọ́n. Edinburgh nilé aṣòfin wọn wà, àwọn 129 ló wà níbẹ̀, oṣù karùn-ún ọdún 1999 ló bẹ̀rẹ̀ ìjókòó, oṣù kan náà tí ìjọba alágbádá padà dé sọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe ilé aṣòfin gbogbo Bìrìtìkó, ti ẹkùn tiwọn ni, ọsibítù, ilé ìwé, fẹ́rì tó ń lọ sáwọn erékùṣù, ọ̀rọ̀ sójà wà ní London. Ọ̀sán gbogbo Ọjọ́bọ̀ tílé bá wà níjòókòó, olórí ìjọba wọn, tí wọ́n ń pè ní First Minister, á dìde fúnra ẹ̀, àwọn aṣòfin á sì máa da ìbéèrè bò ó. Àwọn mínísítà yòókù náà lọ́jọ́ tiwọn. Èyí tí wọ́n bá kọ sínú ìwé, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni mínísítà ní láti fèsì tílé ò bá sí nísinmi.

Ní 2015 ni wọ́n gbé iṣẹ́ fẹ́rì méjì fún ilé iṣẹ́ Ferguson tó ń kan ọkọ̀ ní Port Glasgow, mílíọ̀nù 97 pọ́n-ùn. Ó yẹ kí fẹ́rì yẹn ti máa kó èrò ní 2018. Ní 2019 ilé iṣẹ́ yẹn dẹnu kọlẹ̀, ìjọba gbà á sọ́wọ́ ara ẹ̀. Fẹ́rì àkọ́kọ́, Glen Sannox, oṣù kìíní ọdún 2025 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò lọ sí erékùṣù Arran, ìkejì, Glen Rosa, pẹ́ jù ú lọ, owó méjèèjì sì ti ju ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n kọ́kọ́ sọ lọ. Nínú gbogbo ọdún yẹn àwọn aṣòfin ò dákẹ́. Èló ló kù? Ìgbà wo ló máa dé? Lóṣù kẹta 2022 ni ọ̀gá àwọn aṣírò-owó ìjọba wọn wá sọ nínú ìròyìn ẹ̀ pé òun ò rí ìwé tó pọ̀ tó láti fi mọ ìdí tí àwọn mínísítà fi gbà kí wọ́n fọwọ́ sí iṣẹ́ yẹn láìsí ìdánilójú tó pé látọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ kan ọkọ̀ pé owó á padà tí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Àtìgbà yẹn, ìbéèrè yí padà. Kò jẹ́ èló mọ́, ó di ta ló buwọ́ lù ú, ìwé ẹ̀ dà. Rìsíìtì ẹ̀ dà, bí bàbá lánlọ́ọ̀dù ṣe wí.

Nicola Sturgeon, tó jẹ́ First Minister nígbà náà, dìde dáhùn lórí fẹ́rì yìí, ó kúrò níbẹ̀. Humza Yousaf dé ní 2023, òun náà dìde dáhùn, òun náà kúrò. John Swinney dé ní 2024, ìbéèrè yẹn ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wo ló ń ṣe báyẹn? Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò tó bá ti lọ, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti bá a lọ. Ìjíhìn ò bá ẹnikẹ́ni lọ, ó dúró ti àga ni, ẹni tó bá gorí àga náà ló bá a níbẹ̀.

Àwa náà ṣe irú ẹ̀ rí. Nílé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn láti 1952, inú ilé yẹn làwọn mínísítà wa ń jókòó sí, aṣòfin lè wojú wọn bèèrè ọ̀rọ̀. Awókòyà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó gbé ìmọ̀ràn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, aṣòfin lòun náà, kò lè jókòó sí ọ́fíìsì kó ní òun ò gbọ́. Láti 1979 tá a ti gba ètò ìjọba oníààrẹ ni nǹkan ti yàtọ̀, kọmíṣánnà kì í ṣe aṣòfin mọ́, ọ̀dọ̀ gómìnà ló wà. Ohun tó kù sílẹ̀ ni abala 108 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tó ní kọmíṣánnà gbọ́dọ̀ yọjú tílé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá pè é pé kó wá ṣàlàyé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀, àti 128 pẹ̀lú 129 tó fún wọn lágbára láti ṣèwádìí, kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí, kí wọ́n tiẹ̀ ní kí wọ́n mú ẹni tó bá kọ̀ tí kò wá. Torí náà tí ilé aṣòfin Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògùn bá ránṣẹ́ pe kọmíṣánnà, ẹ má pè é ní ìbéèrè ìjíhìn, ìpè ìjíhìn ni. Ti Scotland, ọjọ́ ẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹ pè é ẹ ò pè é, mínísítà ń bọ̀. Tiwa, àfi táwọn aṣòfin bá rántí ránṣẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ò kéré rárá, ó sì máa ń dùn mí, torí n'Ìbàdàn níbí la ti ní i lọ́wọ́ ká tó sọ ọ́ nù.

Abala 97 nínú òfin yẹn kan náà fàyè gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láti fi èdè ìpínlẹ̀ wọn ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ilé aṣòfin Èkó sì ń fi Yorùbá jókòó lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Àwọn 40 ni wọ́n, ẹnu wọn làwọn ọ̀rọ̀ yìí á ti dúró tàbí kó ṣubú. Ẹni tó bá mọ ẹnì kan níbẹ̀, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí i: ìbéèrè ìjíhìn, ìbéèrè àtẹ̀lé, ìpè ìjíhìn.

Ìròyìn tàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bó ṣe yẹ kó lọ nìyí: "Aṣòfin kan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Scotland ti bi mínísítà ní ìbéèrè ìjíhìn lórí owó fẹ́rì. Mínísítà dáhùn, àmọ́ kò tíì fèsì sí ìbéèrè àtẹ̀lé."